Odò Rósínkà àti Abúlé Mẹ́ta Tí Kì í Bojú Wẹ̀yìn

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Àlọ́ mi ṣẹ́ kọ́rọ́, ó yí bìrí. Ó dé ọ̀dọ̀ ìjàpá, kò bá a nílé. Ó dé ọ̀dọ̀ ajá, ajá ń sùn. Ló bá já sínú odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Rósínkà. Ó já lu abúlé mẹ́ta tó wà létí odò náà. Ó já lu Pẹ́pẹ́yẹ, ọ̀rẹ́ odò, àti Ìyá Apolẹ́nà, arúgbó tó ń dáko.

Ilẹ̀ àwọn Ṣẹ́ẹ̀kì ni odò náà wà. Ilẹ̀ náà jìn. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa. Ọyẹ́ tiwa a máa la ètè. Òtútù tiwọn a máa sọ omi di òkúta. Ẹ má bi mí bóyá mo ti dé ibẹ̀ rí. Ẹnu la fi ń pàlọ́, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Rósínkà kéré. Ewúrẹ́ lè fò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ pọ̀ ju omi inú rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì ń sọ láti àárọ̀ di alẹ́: "Ọgbọọgba ni. Ọgbọọgba ni mo fẹ́."

Bí ẹja méjì bá ń jà, Rósínkà á là wọ́n. Bí òkúta kan bá gba oòrùn ju èkejì lọ, Rósínkà á yí wọn padà.

Pẹ́pẹ́yẹ á ní, "Ọ̀rẹ́ mi, òkúta kò bẹ̀ ọ́ níṣẹ́."

Rósínkà á ní, "Ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ kì í tètè mọ̀."

Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín jù. Èmi tí mo ń pàlọ́ yìí ti pín ẹ̀pà kan sí ọ̀nà méje rí. Kò sẹ́ni tó tọ́ ọ wò kó mọ adùn rẹ̀. Mo sì ń retí kí wọ́n dúpẹ́.

Abúlé mẹ́ta ló wà létí Rósínkà. Hórkà wà lórí òkè, níbi tí odò ti ń ṣẹ̀. Lúkà wà láàárín. Dólkà wà nísàlẹ̀. Nígbà náà, odò náà tọ́ bí ọ̀pá. Ó ń ti Hórkà bọ́ sí Lúkà, ó ń ti Lúkà bọ́ sí Dólkà, kò yà síbì kankan.

Àṣà kan wà lọ́wọ́ abúlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí òtútù bá fẹ́ parí, abúlé kọ̀ọ̀kan á fi koríko gbígbẹ ṣe obìnrin kan. Wọn á wọ̀ ọ́ ní àkísà. Wọn á sín ìkarahun ẹyin bí ìlẹ̀kẹ̀, wọn á fi sí i lọ́rùn. Mọ́rẹ́nà ni wọ́n ń pè é. Òun ni òtútù. Òun ni àìsàn. Òun ni ebi. Wọn á gbé e jáde lọ́sàn-án gangan, wọn á jù ú sódò, wọn á kẹ̀yìn sí i, wọn á máa lọ sílé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn. Ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn, Mọ́rẹ́nà á bá a lọ sílé. Orin tí wọ́n ń kọ lọ nìyí. Ẹ bá mi gbè é:

Mọ́rẹ́nà, a sìn ọ́ jáde,
Má bá wa bọ̀.
Òtútù, a sìn ọ́ jáde,
Má bá wa bọ̀.
Ẹ̀yìn kò kàn wá mọ́ o,
Má bá wa bọ̀.
Ilé wa ń bẹ níwájú,
Má bá wa bọ̀.

Nítorí pé kò sẹ́ni tó ń bojú wẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí Mọ́rẹ́nà ń lọ. Hórkà á ju tiwọn, omi á gbé e dé Lúkà. Lúkà á ju tiwọn, ó di méjì. Dólkà á ju tiwọn, ó di mẹ́ta. Nísàlẹ̀ Dólkà, gbòǹgbò igi ńlá kan nà gbalaja sínú odò. Ibẹ̀ ni Mọ́rẹ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń há sí. Oko Ìyá Apolẹ́nà ló sì wà lẹ́bàá gbòǹgbò náà. Òtútù abúlé mẹ́ta wá jókòó sí oko arúgbó kan.

Ìyá Apolẹ́nà gbin ọkà báálì. Ó hù. Yìnyín pa á. Ó tún gbìn ín. Ó hù. Yìnyín tún pa á. Agbọ̀n irúgbìn kan ṣoṣo ló kù fún un. Bí èyí bá kú, yóò ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ pa, yóò máa lọ fọ abọ́ nílé onílé kó tó rí jẹ.

Ó gbé agbọ̀n náà, ó lọ sétí odò.

"Rósínkà."

"Ẹ kú àárọ̀, Ìyá."

"Àárọ̀ mi kò dára. Ṣé ìwọ lò ń pariwo ọgbọọgba?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Mọ́rẹ́nà mélòó ló wà lẹ́bàá oko mi?"

Rósínkà kà wọ́n. "Mẹ́ta ni, Ìyá."

"Mélòó ló wà ní Hórkà?"

"Kò sí níbẹ̀, Ìyá."

"Ta ló kó wọn wá síbí?"

Rósínkà dákẹ́. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣàn, kò dákẹ́ rí. Ẹja yọrí síta, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá odò ti gbẹ.

"Èmi ni mo kó wọn wá," ni Rósínkà wí.

Ìyá Apolẹ́nà ní, "Ní ọjọ́ kẹsàn-án òní, mo máa gbin èyí tó kù. Èmi kò ní òmíràn. Ohun tí o bá fẹ́ ṣe, ṣe é."

Ojú ti Rósínkà. Ó ní òun máa tún un ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Hórkà. Olórí abúlé, Bàbá Hínẹ́kì, jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń yá oòrùn.

"Bàbá, Mọ́rẹ́nà yín wà ní Dólkà."

"Ta ló rí i?"

"Èmi rí i."

"Èmi kò rí i. Kò sí ará Hórkà tó rí i. Àwa kì í bojú wẹ̀yìn."

"Ìdí tí ẹ kò fi rí i nìyẹn, Bàbá."

"Ọmọ mi, ohun tí èèyàn kò rí, ṣé ó lè jẹ̀bi rẹ̀?"

Rósínkà wá gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Ó sọ ohun tí í ṣe ẹ̀tọ́. Ó sọ ohun tí í ṣe ìrẹ́jẹ. Ó sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn. Oòrùn kúrò níwájú, ó bọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí Rósínkà fi máa dé kókó ọ̀rọ̀, Bàbá Hínẹ́kì ti ń hanrun.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Lúkà. Ìyá Dórótà, tó ni ọlọ tí omi ń yí, ló dá a lóhùn.

"Àwa ò bá ẹnikẹ́ni jà. Bí Hórkà bá tọrọ àforíjì, a ó bá wọn tọrọ rẹ̀. Bí Dólkà bá sunkún, a ó bá wọn sunkún. Ará àárín ni wá."

"Ṣùgbọ́n Mọ́rẹ́nà yín ńkọ́?"

"Ìyẹn ti lọ síwájú," ni Ìyá Dórótà wí, ó sì padà sídìí ìyẹ̀fun rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ti lọ.

Rósínkà sọ fún Pẹ́pẹ́yẹ pé, "Ọ̀rọ̀ ti tó. Mo máa gbé Mọ́rẹ́nà padà sókè."

"Ọ̀rẹ́ mi, odò ni ọ́. Ìsàlẹ̀ nìkan lo mọ̀ ọ́n lọ."

"Ẹ̀tọ́ kò mọ òkè, kò mọ ìsàlẹ̀."

"Ẹ̀tọ́ lè má mọ̀ ọ́n. Omi mọ̀ ọ́n."

Rósínkà kò gbọ́. Ó mí kanlẹ̀, ó kọjú sókè, ó gun òkè. Ó dé Lúkà, ó wọnú ilé ọlọ, ó rẹ ìyẹ̀fun, ó gbé bàtà Ìyá Dórótà lọ. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ pin sí. Ó ṣubú padà gbàà.

Ló bá bẹ Pẹ́pẹ́yẹ. Ó ní, "Bí èmi kò bá lè gbé wọn lódindi, ìwọ lè gbé wọn ní wẹ́wẹ́. Já Mọ́rẹ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kó ìdá kan lọ sí Hórkà, kó ìdá kan lọ sí Lúkà, fi ìdá kan sílẹ̀ ní Dólkà."

Pẹ́pẹ́yẹ kó wọn. Ó fò títí apá fi ń ro ó. Ó da koríko Mọ́rẹ́nà sóko Hórkà, ó dà á sóko Lúkà. Ilẹ̀ mọ́, yìnyín bo gbogbo rẹ̀. Ẹ̀wà Hórkà kú. Ẹ̀fọ́ Lúkà kú. Oko Dólkà ṣì funfun bó ṣe wà. Gbogbo abúlé ń ké.

Inú Rósínkà dùn. Ó sáré tọ Ìyá Apolẹ́nà lọ.

"Ìyá, ó ti dọ́gba."

"Kí ló dọ́gba?"

"Hórkà ń sunkún. Lúkà ń sunkún. Ẹ̀yin náà ń sunkún. Ọgbọọgba ni."

Arúgbó náà gbé agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé ẹkún Hórkà ni kí n fi bomi rin ọkà mi?"

"Rárá, Ìyá. Ṣùgbọ́n—"

"Ta ló ní kí o pín òtútù? Mo ní kí o mú un kúrò lọ́rùn mi, ìwọ wá lọ so ó mọ́ ọrùn gbogbo ayé. Ebi ará Hórkà kò lè yó mi."

Mo mọ bí ojú odò náà ṣe rí lọ́jọ́ yẹn. Ojú tèmi náà ti rí bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ mẹ́fà ti lọ.

Àwọn abúlé ṣa koríko tí wọ́n bá lóko wọn, wọ́n ní òtútù ti padà wá. Wọ́n ní kò sí ohun tó kù ju pé kí àwọn tún sìn ín jáde. Hórkà tún ṣe Mọ́rẹ́nà. Lúkà tún ṣe Mọ́rẹ́nà. Dólkà náà tún ṣe é. Wọ́n dá ọjọ́ kẹsàn-án.

Rósínkà gbọ́. Ó pe Pẹ́pẹ́yẹ.

"Àwọn èèyàn yìí kì í bojú wẹ̀yìn."

"Wọn kì í wò ó."

"Ibo ni wọ́n ń wò?"

"Iwájú."

"Bí mo bá wà níwájú ńkọ́?"

Pẹ́pẹ́yẹ ronú. Ó ní, "Láti ọdún tó kọjá, ọ̀rọ̀ gidi àkọ́kọ́ tí o sọ nìyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn máa dùn ọ́."

Ọjọ́ kẹsàn-án pé. Hórkà gbé Mọ́rẹ́nà jáde, wọ́n jù ú sódò, wọ́n kẹ̀yìn sí i, wọ́n ń lọ sílé. Orin ń lọ. Nígbà náà ni Rósínkà tẹ ara rẹ̀. Ó gbẹ́ pápá, ó gba ẹ̀gbẹ́ wọn yọ, ó yí po, ó sì bọ́ síwájú wọn. Ibi tí wọ́n ti ń kọ "Ilé wa ń bẹ níwájú," ibẹ̀ ni wọ́n ti rí Mọ́rẹ́nà níwájú. Ó jókòó lórí omi pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ ẹyin rẹ̀, ó kọjú sí wọn.

Orin dá.

"Ta nìyí?" ni Bàbá Hínẹ́kì béèrè.

"Tiyín ni, Bàbá. Ẹ kò bojú wẹ̀yìn. Iwájú lẹ wò."

Bàbá Hínẹ́kì wo ọ̀tún, odò ni. Ó wo òsì, odò ni. Ẹ̀yìn nìkan ló kù, ẹ̀yìn sì jẹ́ èèwọ̀.

"Ibo ni kí n wò báyìí?"

"Ẹ wo ohun tí ẹ jù."

Wọ́n wò ó. Mọ́rẹ́nà ń lọ, wọ́n ń tẹ̀ lé e létí omi. Wọ́n dé Lúkà. Lúkà ti ju tiwọn, wọ́n ń kọrin lọ sílé. Rósínkà tún yí po. Mọ́rẹ́nà méjì dúró níwájú Ìyá Dórótà. Ó ṣẹ́jú. Ó ní, "Àwa ará àárín," kò sì rí ìyókù sọ. Ó bá wọn tẹ̀ lé e.

Wọ́n dé ìsàlẹ̀ Dólkà. Wọ́n rí Mọ́rẹ́nà mẹ́ta nínú gbòǹgbò. Wọ́n rí àkísà àwọn ti ìṣáájú. Wọ́n rí oko tó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, àti arúgbó kan láàárín rẹ̀ tó gbé agbọ̀n dání.

Bàbá Hínẹ́kì ṣí fìlà. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. A kò mọ̀."

"Ẹ kò wò," ni Ìyá Apolẹ́nà wí.



Ìyá Dórótà ní, "Ibo ni ká wá gbé wọn sí?"

"Bí ẹ bá tì wọ́n sísàlẹ̀, ẹnì kan ń bẹ nísàlẹ̀. Koríko gbígbẹ ni wọ́n. Ẹ lọ fọn iná wá láti ibi ààrò mi."

Wọ́n fa gbogbo Mọ́rẹ́nà jáde. Wọ́n tò wọ́n sórí oko, wọ́n ti iná bọ̀ wọ́n. Wọ́n jó. Yìnyín yọ́, ilẹ̀ rọ̀. Eérú ni wọ́n dà sódò, kò sì sí ibi tí eérú há sí. Bàbá Hínẹ́kì kọ poro, Ìyá Dórótà fọ́n irúgbìn. Agbọ̀n ṣófo kí oòrùn tó wọ̀.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Rósínkà wo ara rẹ̀.

"Pẹ́pẹ́yẹ, Hórkà ní ìṣẹ́kọ́rọ́ kan, níbi tí mo ti yí po. Lúkà ní ìṣẹ́kọ́rọ́ kan. Dólkà kò ní."

"Ọ̀rẹ́ mi, mo bẹ̀ ọ́."

"Ṣé ó dọ́gba?"

Kí Pẹ́pẹ́yẹ tó dáhùn, Rósínkà ti yí po ní Dólkà. Poro mẹ́ta nínú oko Ìyá Apolẹ́nà bá omi lọ.

"Rósínkà, kí lèyí?"

"Ọgbọọgba ni, Ìyá."

Arúgbó náà jókòó sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Poro tó kù hù. Yìnyín kò pa wọ́n. Ó kórè, ó dúró nílé rẹ̀, kò fọ abọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ ìkórè, ó da ẹ̀kúnwọ́ ọkà kan sódò.

Ó ní, "Tìrẹ nìyí. Má pín in."

Rósínkà pín in. Ó kan ẹja kọ̀ọ̀kan ní hóró kan. Kò kan òun.

Nígbà tó fẹ́ na ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ẹ̀yìn kọ̀. Ó ti gan. Láti ọjọ́ náà ni odò kékeré kò ti tọ́ mọ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, bí èèyàn bá ti kọjá odò kékeré, tó ní òun ti fi í sẹ́yìn, yóò tún bá a níwájú. Ìdí nìyí tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń ti iná bọ Mọ́rẹ́nà kí wọ́n tó da eérú rẹ̀ sódò. Àwọn odò ńlá a sì máa bi Rósínkà pé kí ló dé tó fi ń pẹ́ dé. Á ní òun yà wo àwọn èèyàn ni.

Ibi tí àlọ́ mi ṣàn dé nìyí. Bí mo bá bu irọ́ là á, kí iyọ̀ kọ ẹnu mi lọ́la. Bí kò bá ṣe irọ́, ẹ sún mọ́ iná, kí gbogbo wa rí i yá.