Àlejò Tó Sọ Ogbe Àkùkọ Di Funfun

Nígbà láéláé, ogbe orí adìẹ kì í ṣá. Òjò ìbáà rọ̀, ebi ìbáà pa á, ńṣe ló máa ń pọ́n bí ata rodo. Ẹni tí ò rìn jìnnà ló máa jiyàn.

Láyé ìgbà yẹn, inú ẹrẹ̀ ni Aràn ń gbé. Kò nílé, kò lọ́nà.

Lọ́jọ́ kan, òjò ńlá dé. Adìẹ àti pẹ́pẹ́yẹ sá sábẹ́ àká. Ni Àkùkọ bá na ọrùn, ó ń fọ́nnu.

"Kò sẹ́ni tí mi ò lè gbà lálejò! Nílé tèmi, a kì í bi àlejò pé ìgbà wo lo máa lọ."

Aràn gbọ́ ọ látinú ẹrẹ̀. "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n forí pamọ́ sínú yín títí òjò á fi dá."

Àgbébọ̀, ìyàwó Àkùkọ, rọra tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. "Baba Òròmọ, ẹ má gbà o."

Ṣùgbọ́n ojú gbogbo wọn ti wà lára ẹ̀. Báwo ló ṣe máa kọ̀? Ó lanu, Aràn wọlé.

Òjò dá, Aràn ò jáde. Àkùkọ jẹ àgbàdo, Aràn ló yó. Nígbà tí àgbàdo ò tó o mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ẹ̀jẹ̀. Ẹsẹ̀ Àkùkọ ń gbọ̀n, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó fẹ́ sọ pé, "Ìgbà wo lo máa lọ?" Ìtìjú ò jẹ́.

Ó wo ojú ara ẹ̀ nínú omi. Háà! Ogbe ti funfun bí ẹ̀kọ. Ó yáa ti orí bọ abẹ́ ìyẹ́.

Pẹ́pẹ́yẹ ti rí i. "Baba, ẹfun lẹ fi para ni, àbí ẹ fẹ́ di òyìnbó?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Oòrùn ló pa á," Àkùkọ purọ́.

Nígbà tó di àárọ̀, ó fẹ́ kọ, ohùn ò jáde. Àgbébọ̀ sún mọ́ ọn. "Ṣé kí ẹ kú ni, kí wọ́n má baà sọ pé ẹ lé àlejò?"

Àkùkọ wolẹ̀. "Ẹnu mi ló kó bá mi. Jọ̀ọ́, bá mi lé e."

Àgbébọ̀ wá kóró ìbẹ́pẹ fún un, ó gbé e mì. Kò pẹ́, Aràn bá ìgbẹ́ jáde, lójú Pẹ́pẹ́yẹ àtàwọn ọmọ ẹ̀. Àkùkọ ò mọ ibi tó máa fojú sí.

Aràn ò tiẹ̀ dákẹ́. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹ kì í bi àlejò léèrè ọjọ́ ìlọ? Ẹyin mi ti bá ìgbẹ́ yín bọ́ sínú ilẹ̀ táwọn ọmọ yín ń fẹsẹ̀ wà jẹ. A ṣì ń bọ̀!"

Láti ọjọ́ náà ni aràn ti ń wọ inú adìẹ láì kan ilẹ̀kùn. Adìẹ kì í sọ fẹ́nì kankan, ojú ń tì í. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń tán lára ẹ̀, ogbe á ṣá, á funfun. Ohun tẹ́nu ò lè sọ, orí ń sọ ọ́ fáráyé.