Ohun tí Awó rí nínú ẹyin

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi kò jìnnà, kò kọjá ẹ̀yìnkùlé. Ó kọsẹ̀ lára àpáàdì, ó yí gbirigbiri, ó bọ́ lu Awó, ó bọ́ lu Adìyẹ, ó sì dúró lẹ́sẹ̀ Àmọ̀pé, obìnrin tó ni ilé.

Ní ìgbà náà, ilé ni Awó ń gbé. Kò mọ igbó. Òun àti Adìyẹ jọ ń jẹun nínú àwo kan, wọ́n jọ ń sùn lábẹ́ àká kan. Kò sí èyí tó tíì bímọ rí nínú wọn.

Ní ọjọ́ kan, Àmọ̀pé dúró ní ẹ̀yìnkùlé, ó ní, “Ẹ̀yin méjèèjì ń jẹ àgbàdo mi, ẹ ò bí nǹkan kan. Ọdún ń bọ̀. Ẹni tí kò bá ní ọmọ lẹ́yìn títí ọjọ́ ọdún, inú ọbẹ̀ ni yóò sùn.”

Ẹ̀rù bà wọ́n. Kò pẹ́, Adìyẹ yé ẹyin mẹ́ta. Awó náà yé mẹ́ta. Adìyẹ jókòó lé tirẹ̀. Awó kò jókòó. Ó ń yí ẹyin po, ó ń fi ẹnu kàn án.

“Adìyẹ, kí lo ń ṣe níbẹ̀?”

“Mo ń sàba. Bí ọjọ́ bá pé mọ́kànlélógún, ọmọ yóò jáde.”

“Nínú nǹkan tó le bí òkúta yìí?”

“Nínú rẹ̀ náà ni.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Ìyá mi.”

“Ta ló sọ fún ìyá rẹ?”

“Ìyá tirẹ̀.”

“Ṣé èyíkéyìí nínú wọn wo inú ẹyin rí?”

“Wọn ò wò ó.”

Awó rẹ́rìn-ín. “Ìdílé yín mà ga o! Ẹ ń jókòó lé ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí.”

“Ìdílé wa náà ló ṣì wà láyé,” ni Adìyẹ wí, ó sì dijú.

Nítorí ọbẹ̀ Àmọ̀pé, Awó náà sàba. Ní ọjọ́ kẹta, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó ní, “Èmi ò lè máa ṣe iṣẹ́ tí mi ò mọ ìdí rẹ̀.” Ó fi ẹnu gún ẹyin kan. Ẹyin fọ́. Omi ló dà jáde, àti pupa ẹyin.

Ó sáré lọ bá Adìyẹ. “Omi ni! Mo fojú ara mi rí i. Omi la jókòó lé.”

“Mo gbọ́,” ni Adìyẹ wí. Kò dìde.

Ní ọjọ́ keje, Awó fọ́ èkejì. Ẹ̀jẹ̀ ló rí nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín tó ta bí òwú aláǹtakùn.

“Ẹ̀jẹ̀ ni! Nǹkan kan ti ṣe àwọn ẹyin yìí léṣe. Dìde kó tó ràn ọ́.”

“Mo gbọ́.” Kò dìde.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá, ó fọ́ ẹ̀kẹta. Ohun tó rí kò ní ìyẹ́. Orí rẹ̀ tóbi, ojú rẹ̀ dì, kò mira. Awó fà sẹ́yìn. Kò sáré lọ́tẹ̀ yìí. Ó rọra rìn lọ bá Adìyẹ, ohùn rẹ̀ sì ti rọlẹ̀.

“Adìyẹ, òkú ni. Òkú ló wà nínú wọn. Jọ̀ọ́, dìde.”

Ẹ̀rù ba Adìyẹ. Ó gbé apá kan sókè bí ẹni tó fẹ́ dìde. Ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọrin sí ara rẹ̀. Ẹ bá a gbè é:

Kí ló wà nínú ilé funfun?
Mi ò mọ̀.
Ta ló wọlé, ta ló jáde?
Mi ò mọ̀.
Ṣé o ó dìde kó o lọ wò ó?
Mi ò dìde.

Ohun tí Awó sọ kò ní irọ́ nínú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló wò, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló sọ ohun tó rí. Òkú tó rí, òun ló pa á. Ìyẹn ni kò mọ̀.

Ní ọjọ́ kọkànlélógún, èèpo ẹyin dún, kẹ́ẹ́. Ọmọ mẹ́ta jáde lábẹ́ Adìyẹ. Awó dúró, ó la ẹnu sílẹ̀.

“Mo rí omi. Mo rí ẹ̀jẹ̀. Mo rí òkú. Níbo ni àwọn wọ̀nyí ti wá?”

“Mi ò mọ̀,” ni Adìyẹ wí. “Mi ò wò.”

Oṣù méjì kọjá. Àwọn ọmọ Adìyẹ dàgbà, wọ́n ń dá jẹ. Ọdún ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Awó yé ẹyin kan ṣoṣo, kò sì sí òmíràn nínú rẹ̀ mọ́. Ó mọ ìwà ara rẹ̀: bí òun bá sàba lé e, òun yóò fọ́ ọ. Ó yí i lọ bá Adìyẹ.

“Ọ̀rẹ́ mi, bá mi sàba lé e.”

“Yí i síbí.”

Síbẹ̀, ọkàn Awó kò balẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá Adìyẹ mọ nǹkan kan, àbí ó kàn ń jókòó. Ó lọ sí etí odò, ó yí òkúta funfun roboto kan wá.

“Èyí náà ńkọ́?”

“Yí i síbí.”

“Òkúta ni o!”

“Ìgbà mẹ́ta lo ti sọ ohun tó wà nínú ẹyin fún mi. Ká ní mo gbọ́ tìrẹ nígbà yẹn ni, mi ò ní lọ́mọ.”

“Ti òkúta yìí yàtọ̀!”

“Bẹ́ẹ̀ náà lo wí nípa omi.”

Adìyẹ jókòó lé méjèèjì. Bó ṣe ń yí ẹyin ló ń yí òkúta. Òkúta tutù, ó ń fa ooru ara rẹ̀. Adìyẹ rù, ìyẹ́ àyà rẹ̀ re dànù. Kò dìde.

Ọjọ́ kọkànlélógún pé. Ẹyin dákẹ́. Òkúta dákẹ́.

“Ọjọ́ ti pé,” ni Awó wí. “Ìyá rẹ parọ́.”

“Ìyá mi ò parọ́. Bóyá èmi ni mi ò kà á dáadáa.”

Ìyá Adìyẹ kò parọ́ lóòótọ́. Ọjọ́ ẹyin adìyẹ ló mọ̀. Kò mọ ti ẹyin awó.

Ọ̀la ni ọdún. Àmọ̀pé jáde sí ẹ̀yìnkùlé ní kùtùkùtù pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ó fi ọwọ́ kan mú Awó lápá.

“Ọmọ rẹ dà?”

“Ó wà lábẹ́ Adìyẹ, ìyá mi.”

“Mi ò rí ọmọ kankan.”

“Ẹ gbà mí gbọ́, ó wà níbẹ̀.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu Awó.

Àmọ̀pé kì í ra aṣọ lọ́jà láìgbé e sókè síwájú oòrùn, kó lè rí ibi tí kòkòrò ti jẹ ẹ́. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó fa àwọn ohun tó wà lábẹ́ Adìyẹ jáde. Ó ká ọwọ́ yí òkúta ká, ó gbé e síwájú oòrùn àárọ̀. Ó ṣókùnkùn biribiri. Ó ní, “Òkúta lèyí,” ó sì sọ ọ́ sẹ́yìn ọgbà. Ó gbé ẹyin sókè. Ìmọ́lẹ̀ wà nínú rẹ̀ lókè, òjìji wà nísàlẹ̀. Ó dúró. Òjìji náà mira.

“Ẹnìkan wà nínú èyí,” ni Àmọ̀pé wí. Kò fọ́ ọ. Ó dá a padà sábẹ́ Adìyẹ. “Ẹja la ó fi ṣọdún. Mo fún yín ní ọ̀sẹ̀ kan.”

Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, èèpo dún, kẹ́ẹ́. Ọmọ Awó jáde. Adìyẹ kó o mọ́ra. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló tún fi jókòó sójú ibi tí òkúta wà tẹ́lẹ̀ kó tó dìde.

Nígbà tó dìde, ọmọ tẹ̀ lé e. Awó sáré wá.

“Ọmọ mi, èmi ni ìyá rẹ!”

Ọmọ wò ó láti òkè délẹ̀. “Ta ló sọ fún ọ?”

“Èmi ni mo yé ọ.”

“Mi ò rí ọ níbẹ̀. Ìyá yìí ni mo rí.”

“Wo ara mi. O ó ní àmì tótòtó funfun bíi tèmi.”

Ọmọ wo ara rẹ̀. Ilà pupa rúsúrúsú ló rí, kò rí tótòtó kankan.

“Gbà mí gbọ́,” ni Awó wí.

“Kí ló fi hàn?”

Awó wá ohun tí yóò fi hàn, kò rí. Ó yí padà, ó gba ẹ̀yìn ọgbà, ó wọ igbó lọ.

Ìdí nìyẹn tí awó fi ń yé ẹyin sínú igbó. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń gbé ẹyin rẹ̀ wálé fún adìyẹ, tí adìyẹ sì ń sàba lé ohunkóhun tí wọ́n bá fún un, ìbáà ṣe òkúta. Ìdí nìyẹn tí obìnrin fi ń gbé ẹyin síwájú oòrùn kó tó gbé e sábẹ́ adìyẹ.

Ọmọ awó tí adìyẹ sàba lé ẹyin rẹ̀ ń tẹ̀ lé adìyẹ káàkiri ilé. Bí ó bá dàgbà, tótòtó funfun a yọ lára rẹ̀. Á wo ara rẹ̀, á wo adìyẹ. Á fò sórí òrùlé, á kọjú sígbó, á bẹ̀rẹ̀ sí ké. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni yóò máa ké. Ìyá rẹ̀ ló ń pè.

Ibi tí àlọ́ mi jókòó sí rèé. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó gbé ẹyin kan síwájú oòrùn. Kó má sáà fọ́ ọ.