Ikùn Òwú

Òótọ́ ni ìtàn yìí. Mo fi eyín iwájú mi búra: bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí ó yọ bọ́ sínú ẹ̀bà mi lónìí, kí n sì gbé e mì. Ó dára, ẹ jẹ́ kí n rọra búra, nítorí mo ṣì fẹ́ràn ẹran. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ibì kan wà tí mo fi ọwọ́ ara mi rán mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí ojú rírán náà, àfi bí mo bá fi hàn yín. Ẹ jókòó.

Obìnrin kan wà, aránṣọ ni. Ó ní ọkọ, ó ní ọmọkùnrin méjì, ó sì ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tí ìyá kan náà bí wọn. Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n yìí ní ìlú ńlá. Ó ti lo ọdún mọ́kànlá nílé ọkọ, ẹnikẹ́ni kò tíì pè é ní ìyá. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, òun ni ó máa ń pọn àbúrò lọ sódò, òun náà ni ó máa ń yọ ẹran inú ọbẹ̀ tirẹ̀ fún un. Nítorí náà, nígbà tí dókítà sọ pé ilé ọmọ ẹ̀gbọ́n kò lè gba oyún dúró, àbúrò kò jẹ́ kí ó sunkún tán.

"Ṣé ilé ọmọ nìkan ni ìṣòro?" ni ó wí. "Tèmi wà níbẹ̀. Mo ti fi bí méjì, kò sì jò. Ẹ gbé tiyín wá, kí n bá yín tọ́jú rẹ̀."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún, wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Dókítà mú ẹyin lára ẹ̀gbọ́n, ó mú àtọ̀ lára ọkọ rẹ̀, ó pa wọ́n pọ̀ nínú ìgò, ó sì gbé ohun tí yóò di ọmọ náà sínú àbúrò. Kí ẹ má baà ṣì mí gbọ́: ọmọ ẹ̀gbọ́n ni. Àbúrò kò rò ó rí pé tòun ni. Ilé ni ó yá wọn.

Wọ́n jókòó ro ohun gbogbo tí yóò ná wọn. Wọ́n ro ti ọsibítù, wọ́n ro ti ọkọ̀, wọ́n ro ti ẹja àti èso tí aboyún yóò máa jẹ. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọkọ àbúrò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Bí mo bá ní rárá, ojú wo ni màá fi wò wọ́n?" Ìyá wọn gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń dúpẹ́. Wọ́n wá bi àbúrò pé kí ni òun alára fẹ́.

"Ẹ ṣáà wá kí mi kú ewu ọmọ lọ́jọ́ tí mo bá bí i," ni ó wí. "Ó tó mi."

"Kíkí nìkan?" ni ẹ̀gbọ́n dáhùn. "Màá wá yí gbirigbiri nílẹ̀ ni!"

Ẹ mọ ìkíni yẹn. Kì í ṣe nítorí pé obìnrin ní ọmọ ni a fi ń kí i bẹ́ẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà ikú, ó sì padà wá, ohun tí a ń kí i fún nìyẹn.

Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Obìnrin yìí ti sọ ọ́ láàrin ẹbí pé ọmọ tí ìyàwó òun kò bá fi ikùn ara rẹ̀ gbé, òun kò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rù ba tíṣà. Ó bẹ àbúrò pé kí ọ̀rọ̀ náà má jáde.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí aránṣọ ṣe. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí! Ó fi téèpù wọn ikùn ara rẹ̀, ó gé aṣọ, ó ki òwú bọ̀ ọ́, ó rán an, ó fi okùn sí i lẹ́yìn, ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí tirẹ̀ bá wú sí i, á tún wọ̀n ọ́n, á sì fi òwú ránṣẹ́ kí wọ́n fi kún tọ̀hún. Ikùn òwú náà dára débi pé àwọn ènìyàn ń dìde fún ẹ̀gbọ́n nínú ṣọ́ọ̀ṣì kí ó lè jókòó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń bá a gbé ìwé. Ìyá ọkọ fi etí lé e lórí aṣọ, ó ní òun gbọ́ tí ọmọ ń ta ẹsẹ̀.

"Ọkùnrin ni!" ni ó wí. "Irú ìtapá yìí? Ti bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni."

Òwú ni ó ń ta á nípàá o.

Ní ìlú tirẹ̀, àbúrò ń bì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè tẹ máṣíìnì mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ẹ̀gbọ́n á pè é lórí fóònù.

"Kí ni ó ń ṣe báyìí?"

"Ó ń yí kiri. Ó dà bí ẹni tí ń wá bàtà."

Àbúrò á gbé fóònù lé ikùn rẹ̀, á jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ohun tí ẹ̀gbọ́n lè gbọ́ ju kí aṣọ máa ha fóònù lọ. Síbẹ̀ kì í fẹ́ kí ó gbé e kúrò.

Àbúrò bí ọmọbìnrin ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan. Ọmọ jáde, ẹ̀jẹ̀ kò dúró. Títí di ọ̀sán ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí i lára. Ó gbọ́ tí nọ́ọ̀sì ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni tí ń pe ènìyàn láti òdì kejì odò. Nígbà tí ó lajú, wọ́n ti gbé ọmọ lọ fún ẹ̀gbọ́n, dókítà sì sọ fún un pé kò gbọdọ̀ lóyún mọ́ láéláé. Àbúrò ní gáùn kékeré kan tí ó ti rán pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí de ọmọbìnrin tirẹ̀. Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ni ó rí i pé ìyá rẹ̀ ń palẹ̀ ẹrù mọ́.

"Màámi, níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Ta ni yóò wẹ ọmọ? Bí wọn kò bá bá ìyá ìyàwó níbẹ̀, kí ni ìyá ọkọ yóò máa rò?"

"Èmi ńkọ́? Ta ni yóò fi omi gbígbóná tẹ ikùn fún mi?"

"Màá padà wá lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ. Fara dà á, ọmọ mi. Ṣebí ìwọ ni alágbára nínú ẹ̀yin méjèèjì."

Ogójì ọjọ́ ni ìyá fi wà lọ́hùn-ún.

Kí àwọn aládùúgbò má baà béèrè ọmọ, ìyá ti sọ fún wọn kí ó tó lọ pé ọmọ náà kò dúró. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá bá àbúrò dárò, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú aṣọ dúdú lórí. Alákàrà iwájú ilé di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Olúwa yóò fi òmíràn dí i fún yín." Àbúrò ń ṣe àmín. Ọmọ tí ń mí, tí ń mu wàrà inú ìgò ní ìlú kejì, ni wọ́n ń bá a ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ó mú ara rẹ̀ lọ́kàn le. Ó ní ọjọ́ kẹjọ ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n òun yóò rí òun, yóò sì kí òun. Ọmú rẹ̀ ti kún. Ó fa ìyókù òwú jáde nínú àpò, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ bùbá rẹ̀ kí wàrà má baà yọ síta, ó sì wọ ọkọ̀ lọ.

Ilé kún. Ẹ̀gbọ́n jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn obìnrin sì ń wọlé wá kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ewu ọmọ o!"

"Mo dúpẹ́."

"Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá ọmọ!"

"Mo dúpẹ́ o."

Ìyá ọkọ rí àbúrò tí ó fara ti ògiri. "Ìwọ àbúrò ìyàwó, kí ni o ń dúró bí òpó sí? Bá wa fọ àwo! Àbí ẹ̀gbọ́n rẹ tó jìyà oṣù mẹ́sàn-án ni o fẹ́ kí ó dìde wá fọ̀ ọ́?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó wà nídìí àwo nígbà tí ọmọ ké nínú ilé, òwú inú bùbá rẹ̀ sì rin gbingbin. Ó gbọ́ tí wọ́n sọ ọmọ ní Ìkẹ́olúwa. Ariwo àwo kò jẹ́ kí ó gbọ́ orúkọ kejì.

Nígbà tí ó fẹ́ máa lọ, ó wọlé lọ dágbére. Ìyá ọkọ jókòó ti ìyàwó rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Ẹ̀gbọ́n wo àbúrò, ojú rẹ̀ pọ́n, ó la ẹnu.

"O ti ń lọ?" ni ó wí. "Ó dáa. Bá mi kí àwọn ọmọ."

Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fi máṣíìnì tuntun ránṣẹ́, ó fi léèsì ránṣẹ́, ó fi báàgì ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ. Bí ẹrù bá ti dé, àbúrò á tú u dé ìdí, á gbọn báàgì, bóyá ìwé kékeré kan yóò já bọ́. Nínú ẹrù kan ni ó ti bá ikùn òwú, tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n sì fi ọ̀rá dì. Kò sí ìwé níbẹ̀. Ìpè orí fóònù ń dínkù. Ìtìjú ni. Bí ẹ̀gbọ́n bá gbọ́ ohùn àbúrò, ó ń dà bí ẹni pé ọwọ́ ti tẹ òun nínú aṣọ oníaṣọ, ó sì sàn fún un kí ó má gbọ́ ọ. Àbúrò gbé ikùn òwú náà sórí àga tí ó ń jókòó lé ránṣọ. Ó mú un lára dẹ̀.

Ọmọ pé ọdún kan. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ọkọ̀ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ẹ̀gbọ́n sọ̀ kalẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò jókòó, kò gba omi. Ó tú ọmọ sílẹ̀, ó gbé e lé itan àbúrò, ó sì kúnlẹ̀ sáàrin àwọn ègé aṣọ tó wà nílẹ̀, òun ẹ̀gbọ́n, níwájú ẹni tí ó pọ̀n rí.

"Ẹ kú ewu ọmọ," ni ó wí. "Ẹ kú ewu. Ẹ kú ewu."

Alákàrà sáré wọlé. "Ewu ọmọ kẹ̀? Ta ló bímọ?"

"Àbúrò mi ni," ni ẹ̀gbọ́n wí sókè, kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́. "Òun ló gbé e. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ní kò dúró nìyí."

Àbúrò kàn ń fi ọwọ́ pa orí ọmọ náà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, àgbà ni yín, mo mọ̀. Bí ó bá di ọjọ́ kan tí ẹ fẹ́ kí àbúrò yín tàbí ọ̀rẹ́ yín bá yín gbé ọmọ, ẹ má ro ti ọsibítù àti ti ẹja nìkan. Ẹ ro ẹni tí yóò tẹ ikùn fún un. Ẹ ro ohun tí yóò sọ fún alákàrà. Bí ẹ bá sì ti gba ọmọ náà lọ ná, ẹ̀yin ni mo ń bá wí jù: ẹ ti fi ẹrù ránṣẹ́ tó.

Mo búra fún yín níbẹ̀rẹ̀, eyín mi sì ti ń mì. Ikùn òwú, òótọ́ ni. Ìtapá, òótọ́ ni. Àwo fífọ̀, òótọ́ ni. Ọ̀sán Sátidé yẹn ni mo fi ọwọ́ ara mi rán mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n kò tíì wá. Ọmọ náà ti ń sáré báyìí, aránṣọ sì wà lórí ikùn òwú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, á wo ẹnu ọ̀nà.

Èmi ti purọ́ tèmi. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn nínú yín ni ó lè sọ ọ́ di òótọ́.