Ìdí Tí Kọ̀ǹpútà Fi Ń Béèrè Kó Tó Jẹ́ Kí Àṣẹ Ṣiṣẹ́

"Ẹ sún mọ́ra o, ààlọ́ mi ń bọ̀!"

"Kó máa bọ̀, à ń retí ẹ̀!"

Ó rìn títí, ó dúró lórí Ehoro akọ̀wé, Àwẹ̀ró ìyá rẹ̀, Bàbá Ìgbín, àti Kọ̀ǹpútà ààfin.

Ọ̀gbẹlẹ̀ mú ìlú ẹranko. Kànga kan ṣoṣo ló kù. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé Kọ̀ǹpútà ló ń gba omi. Akèrègbè kan, ojúmọ́ kan.

Láyé ìgbà náà, gbangba ni ilẹ̀kùn àṣẹ wà lójú Kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá kọ àṣẹ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Kọ̀ǹpútà á máa dá a ṣe lójoojúmọ́.

Ehoro kọ àṣẹ kìíní: "To orúkọ wọn." Kọ̀ǹpútà tò ó. Ó kọ èkejì: "Ka iye wọn." Kọ̀ǹpútà kà á. Etí Ehoro méjèèjì nà ró.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ṣí kúrò nílùú, wọ́n sì ń fa omi sílẹ̀ dè wọ́n lásán. Ehoro kọ ẹ̀kẹta: "Ẹni tí kò bá dáhùn ìpè òwúrọ̀, pa orúkọ rẹ̀ rẹ́."

Bàbá Ìgbín yọjú. "Ọmọ mi, tún un kà kó o tó jẹ́ kó ṣiṣẹ́."

"Ẹ̀yin náà, Bàbá! Tí mo bá ń rìn bíi tiyín, òùngbẹ á ti pa wá tán."

"Ta ni kì í dáhùn ìpè?"

Ehoro kàn rẹ́rìn-ín.

Ilẹ̀ mọ́. Akéde bẹ̀rẹ̀.

"Ìgbín ńkọ́?"

"Mo wà!"

"Òkété ńkọ́?"

"Mo wà!"

"Àwẹ̀ró ńkọ́?"

Kọ̀ǹpútà pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

Bàbá Ehoro, ọkọ Àwẹ̀ró, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Nílùú wọn, opó kì í dáhùn ìpè láti ìta títí ogójì ọjọ́ á fi pé. Àwẹ̀ró gbọ́. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

Lọ́jọ́ kìíní, Akátá tó ń ṣọ́ kànga dá Ọ̀kẹ́rẹ́, aládùúgbò tó wá bá Àwẹ̀ró gba omi, padà. "Orúkọ ìyá yẹn ò sí níwèé." Ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ́ fún Àwẹ̀ró ní omi tirẹ̀. Àwẹ̀ró mi orí, ó nàka sí ọmọ tí Ọ̀kẹ́rẹ́ pọ̀n. Lọ́jọ́ kejì, Akátá tún dá a padà. "Ṣé èmi ni mo kọ ìwé ni?" Lọ́jọ́ kẹta, Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré dé ààfin, níbi tí Ehoro ń gbé.

"Ehoro, ta ló pa orúkọ Màmá rẹ́?"

Ehoro kọjú sí Kọ̀ǹpútà. Ó ṣí àṣẹ náà, ó fi kún un: "Àfi opó." Ó gbé omi, ó sáré.

Akèrègbè Màmá dojú dé lẹ́nu ọ̀nà. Omi tí Ehoro dà sí Màmá lẹ́nu ṣàn padà sílẹ̀; ẹ̀mí ti bọ́.

Ọba Erin gbọ́, ó gbé ẹsẹ̀ sókè láti tẹ Kọ̀ǹpútà fọ́.

"Kábíyèsí," ni Kọ̀ǹpútà wí, "ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni mo ṣe. Kò sẹ́ni tó ní kí n béèrè."

Ehoro dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má fọ́ ọ, Kábíyèsí. Ìlú á ṣì mu omi. Ẹ ní kó gbé ilẹ̀kùn àṣẹ pamọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá a lọ sínú ètò Kọ̀ǹpútà, kó fọwọ́ ara rẹ̀ sàmì sí i kó tó yọjú. Tí ìwé kan bá sì gbé àṣẹ dání, kó kọ́kọ́ béèrè."

Erin sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn àṣẹ ò fi sí lójú Kọ̀ǹpútà títí dòní, àfi tí a bá wá a. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bó bá rí àṣẹ nínú ìwé, á dúró, á béèrè pé, "Ṣé kí n jẹ́ kó ṣiṣẹ́?"

Ààlọ́ mi sọ ẹrù kalẹ̀. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ahọ́n mi gbẹ.