Àwọn Àkèré Ọjọ́ Ìsọmọlórúkọ

Ọdún mọ́kànlá ni Àjílẹ̀yẹ àti Látúndùn, ìyàwó rẹ̀, fi wá ọmọ kí wọ́n tó rí ọkùnrin kan bí. Àjílẹ̀yẹ bá jẹ́jẹ̀ẹ́ pé kò sí ohun ìsọmọlórúkọ tí yóò wọ́n nílé òun. Oyin wà, obì wà, iyọ̀ wà. Ẹja àrọ̀ nìkan ló kù, ẹ̀rùn sì ti lé ẹja wọ ibú.

Ìyá Àwẹ̀ró ni arúgbó tó ń mójú tó odò abúlé náà. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pọnmi láàárọ̀ kí ó tó wò ó bóyá ìṣáwùrú ṣì lẹ̀ mọ́ òkúta, kí ó sì gbọ́ ohùn àkèré. Àwọn ọ̀dọ́ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èsì kan náà ló ń fún wọn: "Ta ni kí n bi léèrè ọ̀rọ̀ ilé bí kò ṣe onílé?"

Àṣà wọn ni pé omi tí yóò kọ́kọ́ kan ọmọ tuntun lẹ́nu, ìgbà tí àlejò bá jókòó tán ni wọ́n ń lọ pọn ọ́n. Wọ́n pọn ọ́n dé, oòrùn ti kan àtàrí. Kò pẹ́ tí àkèré fi bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀nà odò bọ̀, wọ́n ń fò kọjá lójú agbo, wọ́n ń lọ sínú oko.

"Àwọn náà gbọ́ pé jíjẹ mímu wà," ni àlejò kan wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ìyá Àwẹ̀ró kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó fọwọ́ bo igbá omi náà. "Ẹ má fi èyí kan ọmọ lẹ́nu."

Inú bí Àjílẹ̀yẹ. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba ọjọ́ mi jẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi retí òní. Ṣé nítorí àkèré?"

"Odò tí àkèré sá kúrò nínú rẹ̀, ṣé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ni kó mu ún?" Ó wo àwo tó wà nílẹ̀. "Níbo lo ti rí ẹja àrọ̀ yìí?"

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti pọnmi tán, ni Àjílẹ̀yẹ gún ewé olóró dà sínú ibú tó wà lókè odò kó lè rí ẹja pa. Ó rò pé omi ẹ̀rùn tó ń fà wọ́ọ́rọ́wọ́ kò lè gbé e dé ìsàlẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ó gba igbá náà, ó sì dà á nù.

"Ọwọ́ ara mi ni mo fi da oró sínú odò," ló wí. Látúndùn gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó bú sẹ́kún.

Wọ́n wa ilẹ̀ sin ẹja náà. Omi òjò tó kù nínú ìkòkò Ìyá Àwẹ̀ró ni wọ́n fi sọ ọmọ lórúkọ. Ẹnikẹ́ni kò pọnmi odò mọ́ títí àkèré fi padà síbẹ̀, Àjílẹ̀yẹ ló sì ń lọ wò ó láràárọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ló ń wá níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ló máa ń sọ, òun náà làwọn àgbà sọ dòwe títí dòní: àkèré kì í dédé sáré lọ́sàn-án, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé e.