Olú tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Fún

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún àga yín mọ́ mi, nítorí ohùn mi kò lọ sókè mọ́, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ sọ, ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ló wà. Èmi Ọdẹ́dínà, tí mo pa ẹfọ̀n nígbà tí apá mi ṣì le, tí mo sì fi orí ewú kọ́ ara mi ní ìwé kíkà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ohun tí kò ga ju àtàǹpàkò mi lọ.

Baálẹ̀ wa ló fún mi ní ilẹ̀ kan lẹ́bàá Igbó Àìróhùn pé kí n gbin obì sí i. Mo gbìn ín lẹ́ẹ̀mejì, ewé rẹ̀ pọ́n, ó kú. Baálẹ̀ ní bí ó bá tún kú, òun yóò gba ilẹ̀ òun. Ó dùn mọ́ ọn láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí n kì í dọ̀bálẹ̀ fún un. A jọ ṣeré ní kékeré. Mo máa ń tẹ orí ba díẹ̀, màá ní ẹ̀yìn ń dùn mí.

Ìwé ìlera ni mo fi kọ́ ìwé kíkà, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìdọ̀tí ń fa àìsàn. Nítorí náà mo sun gbogbo ewé orí ilẹ̀ náà, mo gbá a mọ́, mo sì ń fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ gbòǹgbò ọmọ igi obì kọ̀ọ̀kan kí n tó gbìn ín. Asábí aya mi wò mí títí.

"Bàbá Oyèníkẹ̀ẹ́, ṣé ẹ máa fi àdí pa á lára náà ni?"

Mo ní kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí èkejì kú, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo wọ Igbó Àìróhùn láti wádìí ohun tí igi ibẹ̀ ń jẹ tí wọ́n fi ń sanra láìsí olùtọ́jú. Mo kọjá lára iwin kan tó ń ka ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀, tí iye rẹ̀ ń yí padà. Ó kí mi, mo kí i, n kò dúró, nítorí mo rí i pé ó fẹ́ kí n bá òun kà á. Bí mo ti dé abẹ́ ìrókò ńlá kan, ohùn kan ní, "Dọ̀bálẹ̀, Olú ń bọ̀."

Ọba àwọn iwin ni mo rò. Mo dọ̀bálẹ̀, imú mi wọ inú ewé. Ohun tó ta ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níwájú imú mi, tó yọ jáde pẹ̀lú fìlà funfun, ni olú.

"Olú ọbẹ̀?" ni mo bi í.

"Orúkọ tí ẹ fún mi nìyẹn. Má dìde. Ibi tí o wà yẹn ni a ti ń rí mi dáadáa."

Ilẹ̀ là díẹ̀. Mo rí òwú funfun tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti aláǹtakùn lọ, tó so mọ́ gbogbo gbòǹgbò ìrókò náà.

"Ara mi nìyẹn," ni Olú wí. "Fìlà lásán lò ń wò. Ibi tí gbòǹgbò kò dé, àwa ń dé ibẹ̀, a ń ru omi àti oúnjẹ inú ilẹ̀ wá fún igi. Igi ń fi oòrùn dáná lókè, ó ń fi oúnjẹ dídùn ránṣẹ́ sí wa. Àwọn mìíràn wà tí o kò lè fojú rí, tí odindi ìlú wọn gba orí èékánná rẹ. Àwọn ló ń jẹ ewé tó kú títí yóò fi di ilẹ̀dú. Ìwọ sun oúnjẹ wọn, o sì fi ọṣẹ lé àwọn alágbàrù obì rẹ lọ."

"Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ìwé náà dárúkọ obì?"

Mo rò ó. "Rárá. Ọmọ ọwọ́ ló dárúkọ."

N kò jiyàn mọ́, nítorí ewé wà lẹ́nu mi.

Ó ní kí n bu erùpẹ̀ ìdí igi náà sínú fìlà mi, kí n má sì fọ ọwọ́ títí yóò fi kan gbòǹgbò obì. Nígbà tí òǹgbẹ gbẹ mí lójú ọ̀nà, ẹnu ni mo kì bọ odò bí ewúrẹ́. Mo délé, Asábí gbé omi wá.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ fọwọ́."

"N ò fọ ọ́."

Ó gbé omi kalẹ̀, ó fọwọ́ kan iwájú orí mi bóyá ara mi gbóná.

Mo gbin obì lẹ́ẹ̀kẹta láìfọ gbòǹgbò rẹ̀, mo bu erùpẹ̀ náà sí i nídìí, mo fi ewé gbígbẹ bò ó. Òjò rọ̀, ewé rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀. Baálẹ̀ dé láti wá gba ilẹ̀ rẹ̀. Bí ó ti ń rìn láàárín obì, mo rí fìlà funfun kan tó yọ lẹ́bàá bàtà rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Baálẹ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ẹlòmíràn rí i.

"Ọdẹ́dínà, ẹ̀yìn rẹ ti san?"

"Ó ti san."

"Dìde. Ilẹ̀ ti di tìrẹ."

Mo ṣì dúró díẹ̀ nílẹ̀, nítorí ẹni tí mo kí kò tíì ní kí n dìde.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ máa fọ ọmọ yín, ẹ máa fọ àwo yín, ọṣẹ dára, n kò tíì yí ohùn padà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ fi gbòǹgbò igi sílẹ̀ pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀, ẹ má sì sun ewé tó bọ́ sí ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá ń kọjá lọ́dọ̀ Baálẹ̀, ẹ bá mi kí i. Ẹ má sọ ìyókù.