Ọwọ́jà Erin àti Kànga

Àlọ́ o! Ẹ dáhùn: Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé ọwọ́jà Erin, imú gbọọrọ yẹn.

Erin wó gbogbo igi etí odò, odò gbẹ, òùngbẹ ń gbẹ ọmọ ẹranko. Erin kan náà ló tún ní òun á kọ́ wọn ní kànga gbígbẹ́.

"Ẹ fi ọwọ́jà gbẹ́lẹ̀ bíi tèmi!"

Ẹ gbè é: Imú ò jọmú!

Ehoro fi imú gbẹ́lẹ̀, ó sín títí. Imú ò jọmú! Ẹtu fi imú gbẹ́lẹ̀, ó gbé yẹ̀pẹ̀ mì. Imú ò jọmú!

Ó kan Òkété. "Bàbá Erin, èékánná lèmi ní. Ẹ jẹ́ kí n gbẹ́ ẹ, kí ẹ̀yin máa fi ọwọ́jà kó yẹ̀pẹ̀."

Wọ́n jọ ṣe é, omi tú jáde. Erin gbórí sókè: "Ẹ ò rí i? Mo ní ọwọ́jà ni!"

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹni tó fẹ́ kọ́ yín bá dé, ẹ kọ́kọ́ fi imú yín hàn án.